Ẹgbẹ́ tó ń dúró ti àwọn tó ní jẹjẹrẹ l'Ádó-Èkìtì: bí mo ṣe rí iṣẹ́ wọn

Tí dókítà bá ti sọ fún yín pé jẹjẹrẹ ló wà lára ẹni yín, kí ẹ tó san owó kímò (oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ) àkọ́kọ́, ẹ wá àwọn èèyàn yìí lọ. Mo tètè sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ torí ẹni tí dátà ẹ̀ bá fẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn, ìgbà tówó ti tán, tí ojú egbò ti fẹ̀, tí ẹbí ti bára wọn jà délẹ̀ ni wọ́n tó gbọ́ pé ẹgbẹ́ náà wà, wọ́n á sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìdajì ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn ló ti wúlò jù.

Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, àwọn fúnra wọn ló bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ torí pé apá wọn ò tíì ká èrò tó ń wá báyìí. Wọn ò ní ọ́fíìsì, wọn ò ní bánà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì wà níbẹ̀, ìyá kan tó ń ránṣọ wà níbẹ̀, ìyàwó pásítọ̀ kan, alhaja kan tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Ọba, tíṣà ọkùnrin kan, àtàwọn tí jẹjẹrẹ ti ṣe rí tára wọn ti le padà, ọ̀rọ̀ àwọn tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí ló sì máa ń wọ aláìsàn lára jù. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń pàdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan láàrin ìlú, Mùsùlùmí ń wá, Kìrìsìtẹ́nì ń wá, àdúrà wọn kì í gùn, iṣẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Kọ́bọ̀ wọn kì í gbà lọ́wọ́ ẹni kankan. Ìyá mi ni wọ́n bá wa dúró tì, jẹjẹrẹ ọmú ló ṣe wọ́n, gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí ojú mi ló rí i.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún wa, ìwé ẹ̀sáàsì ni, irú èyí tọ́mọ iléèwé ń lò. Wọ́n ti fi rúlà fa ìlà sínú ẹ̀: ọjọ́, bára ṣe gbóná sí, PCV (ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára), orúkọ oògùn, lẹ́yìn náà ojú ewé kan gbáko fún ìbéèrè tí ẹ fẹ́ bi dókítà. Ẹ lè rò pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ wo dókítà tó ní èrò rẹpẹtẹ níta láti àárọ̀, ẹ wo ẹ̀yin náà tọ́kàn yín ò balẹ̀, ẹ ó sọ̀rọ̀ tán, ẹ ó jáde, ẹ ó dé ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ tó rántí ohun tẹ́ ẹ bá wá. Pẹ̀lú ìwé yẹn, ṣe ni mo ń ka ìbéèrè mi lọ́kọ̀ọ̀kan tí mo ń kọ èsì ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, dókítà alára ti gbà á lọ́wọ́ mi rí láti wo bí ibà ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Ìyá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn, Màmá Nọ́ọ̀sì la máa ń pè wọ́n, àwọn ló ní ká bèèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ER, PR àti HER2 sí ẹran tí wọ́n gé lọ́mú màmá mi. A ò tíì gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé wa. Àṣé àyẹ̀wò yẹn ló máa jẹ́ kí dókítà mọ irú jẹjẹrẹ ọmú tó jẹ́, kó sì mọ̀ bóyá oògùn oníkóró bíi tamoxifen máa wúlò fún ẹni náà, èyí tí wọ́n sábà máa ń lò fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá Nọ́ọ̀sì ò kọ oògùn fún wa o, wọn ò sì sọ pé dókítà ò mọṣẹ́, ohun tí wọ́n sọ ò ju "ẹ bèèrè" lọ. Ohun tí mo fi gba tiwọn nìyẹn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi ọsibítù sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ òun, ẹ sá fún un, àwọn tí mò ń sọ yìí ọsibítù ni wọ́n máa ń tì yín lọ.

Wọ́n sì máa ń sọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Oògùn pupa yẹn, doxorubicin, wọ́n ti sọ fún wa ṣáájú pé tí wọ́n bá fà á sí màmá lára, ìtọ̀ wọn máa pọ́n lọ́jọ́ náà títí dọ́jọ́ kejì, pé àwọ̀ oògùn ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìyá kan láti Ìkẹ́rẹ́ tá a jọ ń gba ìtọ́jú, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn, òru ni wọ́n gbé wọn padà wá sí ọsibítù, gbogbo ilé ń sunkún pé ó ti parí. Wọ́n tún sọ fún wa pé lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí wọ́n bá ti gba kímò, agbára tára fi ń bá àìsàn jà máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, torí náà tára bá ti gbóná dé 38, ọsibítù tààrà ni, lóru ni o, lójò ni o, kẹ́ ẹ má fún wọn ní parasitamọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ sì máa sùn. Wọ́n yá wa ní tẹmómítà. Kì í ṣe pé wọ́n fi ọwọ́ kan ọrùn màmá kí wọ́n sọ pé "ó gbóná díẹ̀", tẹmómítà, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, ìgbà tí ìtọ́jú bá parí ẹ dá a padà kí ẹlòmíì lò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ torí èyí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa kúrò nílé. Èkìtì ni wá, ilé tí kò gún iyán a máa dà bí ilé tí kò dáná. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn kímò kejì, òórùn ata díndín nìkan ti tó kí màmá máa bì, ẹnu wọn bó, ahọ́n wọn pọ́n, omi gan-an ń ta wọ́n. Alhaja yẹn ló máa ń gbé mọ́ínmọ́ín wá, mọ́ínmọ́ín eléwé tí kò látà rárá, ó fi ẹyin sí i. Tó bá dé, kì í gbé e wọlé tààrà. Á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á tú ewé ẹ̀, á jẹ́ kó tutù dáadáa kí òórùn ẹ̀ ti lọ, ìgbà náà ló máa tó gé e wẹ́wẹ́ sínú àwo kékeré, ó ní àwo ńlá máa ń dẹ́rù ba ẹni tí kò lè jẹun. Oúnjẹ tútù kì í rùn sókè bíi ti gbígbóná, a ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àtìgbà yẹn ni màmá ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀, ògì lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀wà tó rọ̀ dáadáa, iyán fífúyẹ́ pẹ̀lú ẹ̀gúsí tí kò látà, kí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó níyọ̀ díẹ̀ fọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Ata wa, ẹ̀yìnkùlé la ti ń dín in.

Irun ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá rí obìnrin tórí ẹ̀ pá, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni pé ọkọ ẹ̀ kú. Bàbá wa sì ń bẹ láyé! Màmá fara da abẹ́rẹ́, wọ́n fara da iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí irun wọn ń já sórí ìrọ̀rí, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ yẹn tí tiẹ̀ ti hù padà ló wá, ó tú gèlè ẹ̀, ó ní kí màmá fọwọ́ kan orí òun, ó sì kó fìlà òwú rírọ̀ wá, pẹ̀lú síkáàfù. Òun ló bá wọn gé èyí tó kù kó má baà máa já ní bàǹtí bàǹtí. Mi ò lè san oore yẹn.

Iṣẹ́ ìyá tó ń ránṣọ ló yẹ kí n gbóríyìn fún jù. Lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú kan, aṣọ kì í dúró lára mọ́, ẹ̀gbẹ́ kan á rọ̀, búrẹ́síà á máa gùn sókè lọ sí ọrùn. Ọmú àtọwọ́dá wà tí wọ́n máa ń ki sínú búrẹ́síà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà nínú ìlú ńláńlá owó ẹ̀ ga. Ìyá yìí máa ń rán an fúnra ẹ̀, òwú funfun rírọ̀ ló máa ń lò fún ẹ̀yìn tó kan ara, á ki òwú ìrọ̀rí sínú ẹ̀, lẹ́yìn náà á rán àpò kékeré kan lọ́tọ̀ tó kún fún ọkà bàbà, èyí ló máa ń jẹ́ kó wúwo bíi ti ẹ̀gbẹ́ kejì kí búrẹ́síà lè jókòó síbi tó yẹ. Mo rí i tó gbé méjèèjì sọ́wọ́, ọ̀tún àti òsì, tó ń wọ̀n ọ́n, tó yọ ọkà díẹ̀ kúrò, tó tún wọ̀n ọ́n. Ó rán àpò sínú búrẹ́síà màmá kó má baà já bọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ àpò ọkà yẹn, tómi bá wọ̀ ọ́ á hù. Ó sì ní kí ojú abẹ́ jinná pátápátá ná, kí dókítà sì fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó máa wọ̀ ọ́. Àfi kí n sọ pé ó máa ń pẹ́ kó tó kàn yín torí òun nìkan ló ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè lé e.

Ti ẹ̀jẹ̀ náà le. Kí wọ́n tó fún yín ní kímò, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí PCV bá lọ sílẹ̀ wọ́n á sún un síwájú, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ gba ẹ̀jẹ̀, ẹbí ló sì máa ń wá ẹni tó máa fà á sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn tó ń ti Ọ̀mùò tàbí Ẹ̀fọ̀n Aláayè bọ̀, kí wọ́n ti ìdájí wọ mọ́tò dé Adó kí wọ́n sì dá wọn padà, ó máa ń dùn mí gan-an. Ẹgbẹ́ yìí máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nítòsí ilé ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú. Wọ́n sì ní orúkọ àwọn ọmọ yunifásítì àti pólì tó ṣe tán láti fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní àti ọjọ́ tí wọ́n fà á kẹ́yìn wà lákọsílẹ̀, torí ọkùnrin gbọ́dọ̀ sinmi tó oṣù mẹ́ta, obìnrin oṣù mẹ́rin, kí wọ́n tó tún fà á. Tíṣà yẹn ló ń bójú tó o, tó bá sọ pé ọmọ kan ò tíì tó àsìkò, ẹ má bẹ̀ ẹ́, kò ní gbà.

Ìgbà tó kan radiotherapy, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń tan ìtànṣán ẹ̀rọ síbi tí jẹjẹrẹ wà, UCH, ọsibítù ńlá yunifásítì n'Íbàdàn, ni wọ́n kọ lẹ́tà wa sí. Ẹ ó gba Ìyìn, Ìgèdè, Arámọkọ, kẹ́ ẹ jáde sí Ìtaawúrẹ́ kẹ́ ẹ tó kan Ìlẹ́ṣà, ẹni tára ẹ̀ yá gan-an á rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀. Orí ẹ̀rọ yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Mọ́ńdè sí Fráìdè ni, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè tó márùn-ún, ó dọwọ́ ohun tí dókítà bá kọ. Ta ló lè máa lọ kó máa bọ̀? Ibùgbé ló máa ń jẹ owó ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹgbẹ́ náà bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹbí kan n'Íbàdàn tó ní yàrá kan, Èkìtì ni wọ́n, a ra oúnjẹ tiwa, wọn ò gba owó yàrá. Wọ́n tún ní ká pe ibẹ̀ ká tó gbéra nílé, ká kó gbogbo èsì àyẹ̀wò dání, pàápàá èsì ẹran tí wọ́n gé, kí á má sì fi fọ́tòkópì nìkan lọ.

Ní ti àgbo àti àwọn wòlíì, mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀pọ̀ yín máa fẹ́ gbọ́. Kò sí ilé tó ní jẹjẹrẹ tí ẹnì kan ò ní sọ pé ayé ni, pé ẹ gbé e lọ sórí òkè, pé ìgò àgbo kan wà tó máa yọ ọ́ kúrò. Àwọn èèyàn yìí kì í bú ẹnikẹ́ni. Ìyàwó pásítọ̀ yẹn ló dá ẹ̀gbọ́n bàbá mi lóhùn, ó kúnlẹ̀ kí wọ́n, ó ní àdúrà ń lọ, ẹ jẹ́ kí oògùn náà máa lọ, kí ẹ má sì fún wọn ní àgbo láìsọ fún dókítà torí òmíràn á ba oògùn ọsibítù jẹ́, òmíràn á ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dákẹ́. Tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ ọ́, wọn ì bá ti ní mo gbọ́n jù.

Wọ́n tún bá wa ṣe ìpàdé ẹbí, mi ò mọ ẹgbẹ́ míì tó ń ṣe irú ẹ̀. Àwa ọmọ ti ń bá ara wa jà lórí owó, èyí tó wà l'Ékòó ń fowó ránṣẹ́ ó sì rò pé ó ti tán, èmi tí mò ń gbé màmá, tí mò ń wẹ̀ wọ́n, mi ò sùn, ṣọ́ọ̀bù mi ń tì. Màmá Nọ́ọ̀sì jókòó sáàárín wa, wọ́n bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ohun tó lè ṣe, kì í ṣe ohun tó yẹ kó ṣe, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní ká buwọ́ lù ú. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo jẹun? Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ọjọ́ Tọ́sìdeè, ẹnì kan máa ń wá jókòó ti màmá láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kí n lè lọ ṣíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ló ń kí aláìsàn, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn kì í sẹ́ni tó ń kí i, àwọn yìí ń kí i.

Ó kù síbì kan o, mi ò ní bò ó. Kò sí wọn lóru, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ láàjìn ẹ̀yin nìkan ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn ìlú kì í rí wọn tó, owó ara wọn ni wọ́n fi ń wọkọ̀, látìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù May 2023, ibi tí wọ́n ń lọ ti dín kù, ẹni tó wà ní Ìdó tàbí Ìjerò á rí wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wà ní Ọ̀mùò lórí fóònù nìkan ni. Ọkùnrin wọn kéré jù. Bàbá tó ní jẹjẹrẹ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀), tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu, ṣé obìnrin ló fẹ́ bá sọ ọ́? Tíṣà kan ṣoṣo yẹn ló ń sáré kiri gbogbo wọn. WhatsApp wọn náà, ẹ máa rí oríṣiríṣi, ẹnì kan á ju fídíò ewé tó ń wo jẹjẹrẹ sàn síbẹ̀ láago méjì òru, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́, ẹni tí ìrora ò jẹ́ kó sùn á sì ti wò ó. Mo ti sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ní àwọn máa fi ẹlòmíì kún àwọn tó ń ṣọ́ ọ.

Ìṣirò àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO fún ọdún 2022 fi hàn pé ó lé ní 127,000 èèyàn tí jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún yẹn ní Nàìjíríà, àwọn tó kú lé ní 79,000. Ẹ wá ronú sí àwọn ìyá díẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdí tí mi ò fi lè bínú sí wọn nìyẹn.

Ẹni tí mò ń bínú sí ni àwọn kan tí kì í ṣe ẹgbẹ́ yìí, tí wọ́n gbé ìrẹsì wá fún àwọn aláìsàn, tí wọ́n ní kí màmá mi ṣí gèlè kí fọ́tò lè dáa. Mo ní kí wọ́n máa gbé ìrẹsì wọn lọ. Ẹgbẹ́ tí mo ń sọ yìí kì í ya ẹnikẹ́ni, bẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ́rìí, ẹ̀yin lẹ máa sọ, tẹ́ ò bá fẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Tí ẹni náà bá sì kú, wọn kì í kúrò lẹ́yìn ẹbí. Ọkùnrin kan ládùúgbò wa tí ìyàwó ẹ̀ lọ, wọ́n wá nígbà ìsìnkú, wọ́n wá lọ́jọ́ ogójì, títí di bí mo ṣe ń kọ yìí wọ́n ṣì ń wá wo àwọn ọmọ náà, wọ́n sì ti mú èyí àbúrò obìnrin nínú wọn lọ gba abẹ́rẹ́ HPV tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ́fẹ̀ẹ́ láti October 2023, torí jẹjẹrẹ yẹn ló pa ìyá ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí wọn, ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì tó wà ní kílíníìkì àwọn oníṣẹ́ abẹ tàbí àwọn tó ń rí sí ìgbé ayé aláìsàn nínú ọsibítù tẹ́ ẹ ti ń gba ìtọ́jú, wọ́n mọ̀ wọ́n, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà. Ẹ kó èsì àyẹ̀wò yín dání, ẹ mú ẹni tó máa tọ́jú aláìsàn lọ, kì í ṣe aláìsàn nìkan. Ẹ má retí pé wọ́n máa san owó kímò, wọn ò ní in. Fún ẹ̀yin tára yín le: ọkùnrin tó lè jókòó ti bàbá kan ni wọ́n ń wá jù, lẹ́yìn náà ẹni tó ní mọ́tò tó ń lọ Ìbàdàn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àti ẹni tó mọ aṣọ rán tó lè kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn, ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ lálẹ́.